Orísun ìtàn ẹbí nínú Gramps: ibi tí nọ́ńbà ojú ewé ń lọ

Nínú Gramps (ètò kọ̀ǹpútà fún ìtàn ẹbí), Repository ni ibi tí ìwé wà, Source ni ìwé náà, Citation sì ni ojú ibi tí o ti rí ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń kó nọ́ńbà ojú ewé sínú àkọlé Source. Kí wọ́n tó mọ̀, ìwé kan ṣoṣo ti di Source rẹpẹtẹ.

Ká mú ìkànìyàn England ti 1881. Source kan péré lo nílò, Repository rẹ̀ ni The National Archives ní Kew. Ní àyè Volume/Page nínú Citation, kọ RG 11 (àmì tí ilé ìwé yẹn fi ń dá ìkànìyàn 1881 mọ̀), nọ́ńbà piece (ìdìpọ̀ ìwé), ti folio (abala ìwé), àti ti ojú ewé. Líǹkì ìwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè kú nígbàkígbà (fi sí i tó o bá fẹ́), RG 11 kì í yẹ̀.

Ní ti Confidence (bí ẹ̀rí náà ṣe dájú tó), má sáré mú Very High. Ìwé tí àwọn akànìyàn dà kọ ló ṣẹ́kù, kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí baálé ilé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọjọ́ orí àti sípẹ́lì orúkọ lè ti ṣì níbẹ̀.

Tó o bá gbé àkójọ ìtàn ẹbí rẹ jáde sí GEDCOM (irú fáìlì tí àwọn ètò ìtàn ẹbí fi ń pààrọ̀ dátà), Citation kan tó so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún á di ẹ̀dà márùn-ún. Gramps XML (irú fáìlì Gramps fúnra rẹ̀) ni kó o fi pamọ́.