Àlejò Tí Ó Ń Sanwó: Láti Ìbàdàn dé Merzouga

Kí n tó wá sí Merzouga, abúlé tó wà lẹ́bàá àwọn òkìtì iyanrìn Erg Chebbi ní gúúsù ìlà-oòrùn Mòrókò, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni mo ṣì ń ṣe: mo ń gba àlejò, mo sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nílé, àlejò tó bá wọ ilé ẹni kì í sanwó, ẹni tó bá sì sanwó, oníbàárà ni a ń pè é. Òtẹ́ẹ̀lì ni yóò sùn, ayẹyẹ ìgbéyàwó tàbí ìnáwó òkú ló sì sábà máa ń gbé e wá. Ní Merzouga, ilé kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ìdílé tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń gbé lẹ́yìn àgbàlá, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Sípéènì àti Jámánì ń sùn ní yàrá iwájú, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi koríko pò ló sì yí gbogbo wa ká. Amọ̀ ni bàbá bàbá mi náà fi kọ́ ilé, àmọ́ ojú ti àwa ọmọ, a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Níbí, amọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń sanwó láti sùn sí.

Bí àlejò bá dé ọ̀dọ̀ wa nílé, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. Létí aṣálẹ̀ yìí, tíì ni, pẹ̀lú ewé míǹtì àti ṣúgà tó pọ̀, wọ́n á sì gbé ìkòkò rẹ̀ sókè bí wọ́n ti ń dà á sínú ife kékeré kí ó lè yọ ìfófó. Ìyá onílé wa kì í gba kọ́bọ̀ lórí tíì, bó ti wù kí àlejò mu ún tó. Owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ràkúnmí ni wọ́n ń kà. Ààlà yẹn wù mí púpọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń da ràkúnmí á so wọ́n mọ́ra wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, á sì máa fẹsẹ̀ rìn níwájú. A máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó di gàárì mú gírígírí, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ràkúnmí kọ́kọ́ fi ń dìde, ẹni tí kò bá sì múra sílẹ̀ lè takìtì síwájú. Ní àgọ́ tó wà láàárín iyanrìn, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí a sè nínú ìkòkò tajine ni wọn yóò fi búrẹ́dì jẹ. Ó dùn, àmọ́ kò ta rárá, èmi sì ní ata gígún tèmi nínú àpò. Iná sólà ń tàn níbẹ̀ títí di òru. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju kí n máa bẹ oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù, jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀.

Àwọn kan máa ń ní kí a mú wọn lọ sí Khamlia tó wà nítòsí, níbi tí àwọn Gnawa, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó la aṣálẹ̀ kọjá láti apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ń lu ìlù àti irin qraqeb. Ọmọ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń pè mí kí n tó la ẹnu.

Mo ti gun Òkè Ìdànrè rí, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, mo sì gbà pé ìran ibẹ̀ kò kéré sí ti iyanrìn yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, n kò rí ìdílé kan tó ń fi yàrá háyà fún àlejò. Mọ́tò Àkúrẹ́ ni mo wọ̀ padà. Bí àwọn ìdílé níbẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ ṣe bíi ti Merzouga, n kò rò pé iṣẹ́ náà yóò ṣòro fún wọn, nítorí kíkí àlejò àti bíbọ́ ọ kò ṣàjèjì sí wa.

Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ooru á kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọn òyìnbó á sì dínkù. Àwọn ará Mòrókò ló kù tí ń wá, kí wọ́n lè fi iyanrìn gbígbóná wo oríkèé tó ń dùn wọ́n: a ó gbẹ́ ihò, a ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé ẹni tó ń bo àwọn ènìyàn náà mọ́lẹ̀ ló ń sanwó ni, àbí àwọn tí wọ́n ń bò.