Omi inú ihò plọ́ọ̀gì ló jẹ mí lówó, kì í ṣe pọ́m̀pù epo

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì bá yín fọ ẹńjìnì. Mo fọ tèmi lọ́jọ́ Sátidé, Corolla 2005, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára yẹn fọ̀ ọ́, ó ń dán bíi tuntun. Sọ́ńdè tí mo ní kí n máa lọ Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò tíì dé Mọ́níyà tó fi ń mísì, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, check engine wá ń ṣẹ́jú sí mi.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́m̀pù epo ni. Mo rà á, ₦35,000. Pàbó. Èyí tó tún wá dà mí láàmú ni pé tí ẹńjìnì bá ti gbóná ara ẹ̀ á yá, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì á tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rewáyà kan ló gbà mí. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi ní, "Ṣé wọ́n fọ ẹńjìnì yìí ni?" Ó yọ kọ́ìlì kẹta (plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ lórí), rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kán tótó, omi dúró sínú ihò plọ́ọ̀gì. Ooru ẹńjìnì ló ń gbé e díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ihò yẹn dé pa, tí ilẹ̀ bá ṣú tó tutù á tún padà di omi síbẹ̀.

Kọ́ìlì yẹn ló ń sọ iná bátìrì, 12 volts, di ohun tó lé ní 20,000, kó lè fo àlàfo bíńtín bíi 1 mm tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Àmọ́ ọ̀lẹ niná, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló máa gbà. Tómi ìdọ̀tí bá ti wà lára rọ́bà, ó máa gba ibẹ̀ bọ́ sára irin ẹńjìnì, plọ́ọ̀gì ò ní ta iná, epo tí ò jó á wá gba sàlẹ́ńsà jáde. Ẹ má wà á jìnnà bẹ́ẹ̀ o, epo yẹn lè lọ jó nínú kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, kó sì bà á jẹ́. (504 bàbá mi tiẹ̀ burú jù, tójò bá ti rọ̀ mọ́jú, àfi kí wọ́n ṣí ìdérí distributor, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún kó tó lè sitáàtì.)

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ní kí fọkanáísà fi afẹ́fẹ́ ẹ̀ fẹ́ omi yẹn dànù kẹ́ ẹ tó tú plọ́ọ̀gì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ẹńjìnì ló máa já bọ́ sí. Ẹ sá kọ́ìlì, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ẹ̀ ti sán. Tó bá ṣì ń mísì, ẹ gbé kọ́ìlì tómi kàn yẹn sójú òmíràn, tí wàhálà bá tẹ̀lé e débẹ̀, kọ́ìlì ti lọ nìyẹn, tí ò bá tẹ̀lé e, ẹ wo plọ́ọ̀gì.

Èmi ò fọ ẹńjìnì mọ́ jàre, aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Pọ́m̀pù epo tí wọ́n yọ yẹn ṣì wà nínú bùútù mi, kò ṣe nǹkan kan, mo kàn ń gbé e kiri ni.