Irun Ajá Kì Í Ṣe Ẹ̀wù Òtútù Nìkan

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó gbé kílípà sára ajá onírun púpọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Oṣù Èrèlè ni, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ooru mú l'Ábẹ́òkúta débi pé oòrùn á ti wọ̀ tán, àpáta á ṣì gbóná. Wọ́n mú ajá Caucasian kan wá bá mi n'Íbarà, irun ọrùn rẹ̀ dà bíi ti kìnnìún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá fá a kanlẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, ó ń bó. Nígbà tí irun náà hù padà, kò dọ́gba mọ́.

Ìpele méjì ni irun irú ajá bẹ́ẹ̀. Èyí tó gùn wà lókè, ó ń gba oòrùn dúró bí òrùlé. Èyí tó rọ̀ bí òwú wà nísàlẹ̀, òun ló máa ń dì, tí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè dé awọ. Kóòmù la fi ń yọ ọ́. Ẹ fi ìka ya irun ẹ̀yìn etí àti ti itan. Bí ẹ kò bá rí awọ, iṣẹ́ ṣì kù. Ibẹ̀ náà ni eégbọn ń sá pamọ́ sí.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, ìdí nìyẹn tí ilé ajá onípáànù tí kò ní fèrèsé fi burú. Abẹ́ igi máńgòrò sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ara ajá tó dá ṣáṣá kì í ju bíi 39 lọ lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru. Bó bá ti kọjá 40, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má dúró bi olówó rẹ̀ léèrè. Ẹ da omi lásán, kì í ṣe omi yìnyín, sí ikùn, abíyá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi táwẹ̀lì tútù bò ó, ooru ló máa há mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ti ọyẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Irun tó gbẹ ti tó o. Irun tútù ló ń pa á lára, nítorí náà ọ̀sán ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ irun náà kí ilẹ̀ tó ṣú.