Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nídìí Ọpọ́n Ayò

Ìdí ọpọ́n ayò kì í dákẹ́, kò sì yẹ kó dákẹ́. Òǹwòran lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta, ṣe yẹ̀yẹ́, kó sì máa ki ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ìjà máa ń dé bó bá ń nawọ́ sí ilé, ìyẹn ihò ọpọ́n, tó yẹ kí ẹnì kan kó.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti òṣèlú ńkọ́? Ó dùn, àmọ́ kíkà odù, ìyẹn ilé tí ọmọ ayò inú rẹ̀ pọ̀ débi tó fi lè yí ọpọ́n po, ló ń bà jẹ́. Ká ní ọmọ ayò 15 wà nílé kẹta rẹ láti ọwọ́ òsì. O kó o, o ta á yí ọpọ́n po, o fo ilé tó o ti kó o, ọmọ ìkẹyìn á bọ́ sílé ẹnìkejì rẹ tó dojú kọ ilé kẹfà rẹ. Bí ibẹ̀ bá ṣófo tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì, torí ẹ̀ẹ̀mejì lo ta ọmọ síbẹ̀. Bó bá ní ọ̀kan, ó di mẹ́ta. O jẹ ẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 14 ni, inú ilé tìrẹ ló máa parí sí, òfo. Ọmọ kan péré! Ẹni tí wọ́n bá sì bi pé "ta ló gbá góòlù yẹn wọlé?" lójú kíkà, àfi kó tún un kà.

Tí ẹnì kan bá ti tẹjú mọ́ odù, ẹ dá ìtàn dúró ná.

Kí ọwọ́ tó kan ọpọ́n, ẹ fẹnu kò: ṣé èèyàn lè fọwọ́ ka ọmọ ayò ẹnìkejì? Ṣé ẹni tó ti kó ilé kan lè dá a padà? Èmi ò fara mọ́ dídá padà o.