Ìpékeré tí etí mi kò gbọ́

Ní àárọ̀ òní, mo ra ìpékeré ní ọjà Kàbà lọ́wọ́ ìyá kan tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé ìka ni a fi ná ọjà. Mo fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó dà bí ẹni pé ó ti rọ̀, mo sì sọ fún un pé ti ìjẹta ni ó tà fún mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, kọ́kọ́ gbé e kúrò níbi ariwo yìí, kí o tó dá mi lẹ́bi.”

Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ tí ibẹ̀ sì dákẹ́, mo tún bu òmíràn jẹ láti inú ọ̀rá kan náà: ó dún kàrà lábẹ́ eyín mi, ó gbẹ táútáú, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò nínú epo. Ojú tì mí.

Mo wá rántí ìwádìí tí Massimiliano Zampini àti Charles Spence ti Yunifásítì Oxford gbé jáde ní ọdún 2004. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí àwọn ènìyàn létí bí wọ́n ṣe ń gé ìpékeré ọ̀dùnkún jẹ. Bí àwọn olùwádìí náà bá ti gbé ìró jíjẹ rẹ̀ sókè nínú ẹ̀rọ náà, àwọn ènìyàn náà a máa rò pé èyí tí wọ́n ń jẹ tuntun, ó sì gbẹ ju ti ìṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ ìkan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?