Lógò tó wọ aṣọ funfun

"Bọ̀dá, kí ló dé tí lógò mi wọ aṣọ funfun?" Ìbéèrè tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe gíráfíìkì ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún tọ̀sán-tòru. JPEG, irú fáìlì àwòrán kan, ni mo fi ṣe lógò rẹ̀. Nígbà tó gbé e lé orí báńà aláwọ̀ ewé, funfun yí i ká bíi pílásítà lójú ọgbẹ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta tó ń bẹ níparí orúkọ fáìlì kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

JPEG kò mọ ibi òfìfo. Ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìkùn, ó gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ kan dí i, funfun ló sì sábà máa ń jẹ́. PNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, ló lè jẹ́ kí ẹ̀yìn lógò ṣófo, kí àwọ̀ báńà ríbi yọ. Kì í gé nǹkan kan dànù lára iṣẹ́ yín.

Gígé dànù gan-an ni iṣẹ́ JPEG. Láti 1992 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún: ó máa ń yọ ohun tí ojú kò ní tètè fura sí, kí fáìlì lè kéré. Tó bá jẹ́ ojú ìyàwó àti gèlè rẹ̀, kò sí wàhálà. Lára lẹ́tà ńkọ́? Ẹ óò rí ìdọ̀tí létí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ṣí i, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ tún fi pamọ́ sí JPEG, ó tún ń gé òmíràn ni. Mo ti rí káàdì ìpè òde tó gba ọwọ́ èèyàn mẹ́rin kọjá. Orúkọ gbọ̀ngàn ìnáwó dà bí ẹni pé èèrà rìn lórí rẹ̀. Orí PSD (fáìlì Photoshop) tàbí CDR (fáìlì CorelDRAW) tí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ni kí ẹ máa padà sí.

WhatsApp náà máa ń fún fọ́tò pọ̀. Gbogbo wa la mọ oògùn rẹ̀: "Fi ránṣẹ́ bíi document." Ọgbọ́n gidi ni fún ìtẹ̀wé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé tí fọ́tò bá lọ báyẹn, gbogbo ohun tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ ló bá a lọ: irú fóònù, ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí wọ́n ti yà á, bí location bá wà ní títàn.

John McAfee, tó dá ilé-iṣẹ́ agbógunti fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà sílẹ̀, fojú ara rẹ̀ rí i ní December 2012. Ó ń sá fún ọlọ́pàá Belize nígbà náà. Ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó rántí nu ibi tí iPhone ti yà á kúrò nínú fáìlì. Àwọn èèyàn ka nọ́ńbà inú rẹ̀, ó já sí Guatemala. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti mú un. Ẹni tó fi ààbò kọ̀ǹpútà lówó nìyẹn o!

Nítorí náà, fọ́tò ọjọ́ìbí ọmọ oníbàárà tó ń lọ sórí Facebook, JPEG tuntun tí mo ti nu ni mo máa ń fún un. Atẹ̀wé nìkan ló ń gba ojúlówó. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ wọ Properties, lẹ́yìn náà Details. Ibi tí ẹ ti máa nu ún wà nísàlẹ̀.

HEIC, irú fáìlì tí iPhone fi ń tọ́jú fọ́tò, ẹ yí i sí JPEG kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kì í ṣí i. SVG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, dára fún lógò, àmọ́ kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ àjèjì. Ẹ bá sì rí "pix.jpg.exe", ẹ pa á rẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà nìyẹn, kì í ṣe fọ́tò, Windows sì lè má fi exe yẹn hàn yín.

Oníbàárà lógò yẹn ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó ti mọ PNG báyìí, kódà ó mọ̀ ọ́n jù: lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ló ní kí n fi PNG ṣe. Fáìlì ńlá nìyẹn, data tèmi ló sì fẹ́ fi rán wọn.