Láísẹ́ńsì wà nínú kọ̀ǹpútà mi, crack ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ bíi tèmi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní í bi mí pé kí ló dé tí mo fi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú. Mi ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, dísáìnì ni mò ń ṣe, màá wá gbé e lọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta la fi ń ṣiṣẹ́, HP EliteBook 840 G3 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mú láptọ́ọ̀pù torí ọ̀rọ̀ iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó kéré tán èèyàn á ráyè séèfù iṣẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn.

Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní òun á bá mi kó gbogbo nǹkan sí i: Windows, Office, Corel àti Photoshop tí a fi ń ṣe dísáìnì, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o, ta ni nínú wa tí kò lo crack rí, ìyẹn ayédèrú tí wọ́n ń lò láìra láísẹ́ńsì, àṣẹ ìlò rẹ̀?

Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́fà, ojú kọ̀ǹpútà kan ṣàdédé dúdú, wọ́n wá kọ "Activate Windows" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan kékeré ni." Ó fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ mi lórí WhatsApp, ó ní kó kọ́kọ́ pa antivirus tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, torí á dí i lọ́wọ́. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Olè ní ká so ajá mọ́lẹ̀ kí òun lè ráyè wọlé, a sì so ó.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú màmá kan ló wà lọ́wọ́ wa, ojú ìwé 24, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Àìsùn di ọ̀la. Mo wà níta, mò ń bá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ owó, ni mo gbọ́ ohùn ọmọ yìí láti inú ilé: "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan yìí o." Bó ṣe pè é, mo ti mọ̀ pé kò dáa.

Gbogbo fáìlì ló ti hu ìrù. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà mẹ́rin tí a ò mọ ibi tó ti wá. Àwòrán Corel tó máa ń wà lórí wọn ti lọ, gbogbo wọn funfun bí ìwé tẹ́nì kankan ò kọ nǹkan sí. A tẹ ọ̀kan, kò ṣí. A tẹ èkejì. Nínú gbogbo fóldà la ti rí ìwé kan tí wọ́n pè ní _readme.txt. Orí ìdúró ni mo ti kà á. $980 ni wọ́n ń gbà láti tú fáìlì sílẹ̀. Bí mo bá tètè kàn sí wọn kí wákàtí 72 tó pé, $490. Àní wọ́n ń dín owó fún mi, bí ẹni ń ta aṣọ òkèèrè!

Hard drive tí a ń fi iṣẹ́ pa mọ́ sí ni mo rántí. Mo bojú wẹ̀yìn, òun náà rèé tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára kọ̀ǹpútà, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo fà á yọ. Ó ti pẹ́ jù. Fọ́tò ìgbéyàwó màmá yẹn wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ní ká rọra skáànù torí ó ti ń ya. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àkọ́bí olóòkú ni. Mi ò gbé e. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó sórí páálí ìwé, mi ò lè sọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ń sunkún, ó rò pé òun lòun ṣe é.

Ọlọ́run bá wa ṣe é. A ti fi PDF ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lọ́jọ́ Túsìdeè kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òun la tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọmọ-ọmọ kan tí a kọ ṣìṣì nínú rẹ̀. Mi ò san kọ́bọ̀ fún àwọn olè yẹn. Iṣẹ́ tó kù lọ.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí o. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ló wá tún wọn ṣe. Ó ṣí ojú dúdú kan, ó kọ ìlà kan sí i, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 sì jáde. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní, "Láísẹ́ńsì Windows yín ni, Mà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ ọ́ sínú motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó fi Windows 10 Pro tuntun sí i, ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò tẹ nọ́ńbà kankan, Windows sì fúnra rẹ̀ rí láísẹ́ńsì náà, ó gbà á. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó! Ẹni tó tà á fún mi ló pa ojúlówó rẹ́, tó fi olè rọ́pò rẹ̀, lásán làsàn. Méjì nínú mẹ́ta ló ní láísẹ́ńsì lára. Ẹ̀kẹta nìkan ni mo ra fún.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi Windows tuntun sí i níwájú yín láìtẹ nọ́ńbà kankan, kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ní láísẹ́ńsì, á fúnra rẹ̀ sọ. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan lókè òkun tí wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò lórúkọ wọn, ó lè máa béèrè ímeèlì ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ dìde níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ slmgr /xpr, ẹ tẹ Enter. Bó bá sọ pé "Volume activation will expire", tó wá dá ọjọ́ sí i, tó sì jẹ́ pé ẹ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá, crack ló sábà máa ń jẹ́. 180 ọjọ́ ni irú rẹ̀ ń lò kó tó tún gba agbára. Oṣù mẹ́fà tí mo sọ lókè nìyẹn.

Windows nìkan ló wà nínú motherboard o, Office àti Corel ò sí níbẹ̀. LibreOffice la fi ń kọ lẹ́tà àti ínfóìsì báyìí, ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe olè. Corel, ẹyọ kan ni mo lè ra, Inkscape, ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe dísáìnì, ló wà lórí àwọn méjì tó kù. Bí iná bá sì jó motherboard, láísẹ́ńsì inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pààrọ̀ rẹ̀ fún yín láìbéèrè. Hard drive, ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá ti kó iṣẹ́ sí i tán. Mo ti sọ ìyẹn.

6th gen, ìran kẹfà prósẹ́sọ̀ Intel, làwọn tèmi, bẹ́ẹ̀ 8th gen lọ sókè ni Windows 11 ń gbà, Windows 10 sì ti parí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Màá máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọjà tuntun ti dé, G5, tó tuntun ju G3 mi lọ, pé òun ti "kó gbogbo nǹkan sí i". Mo ní kó lọ kó o kúrò, màá máa bọ̀ ní Sátidé.